Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Àga Náà Lójú Yín: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Mi

Lẹ́tà lórí àga ilé ló pọ̀ jù nínú èyí tó wọlé sí abala yìí lóṣù tó kọjá. Ó dùn mọ́ mi nínú, torí iṣẹ́ kúṣìn ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Múṣin ni mo ti kọ́ ọ, nítòsí ọjà Àmù níbi tí fóòmù, lẹ́dà, ìṣó àti aṣọ àga ti pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe é báyìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa rí i pé mo ń tẹnu mọ́: aṣọ nìkan kọ́ ni àga. Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ni owó yín ń bá lọ, ohun tí ẹ kò bá sì fojú rí, ẹ má tíì sanwó rẹ̀.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Mo ní àga mẹ́rin tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan gígùn tó ń gba èèyàn mẹ́ta. Nǹkan bí 1978 ni mo rà wọ́n, nígbà tí ìjọba ń ta ẹrù inú kọ́tà tí a ń gbé. Ìrókò ni igi wọn. Fóòmù ti rì, aṣọ ti gbó, ọ̀kan nínú wọn sì ń mì. Àwọn ọmọ mi ní kí n kó wọn dànù, àwọn á ra tuntun fún mi. Ẹni tó ń ṣe kúṣìn ládùúgbò wa ti wá wò ó, ṣùgbọ́n iye tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àga tuntun. Kí ni kí n ṣe?*
Bàbá olùkọ́, Iléṣà

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ ti ṣe látọdúnmọ́dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àwọn àga yẹn jáde kúrò nílé.

Mo mọ irú wọn dáadáa. Apá rẹ̀ fẹ̀ débi pé èèyàn lè gbé ife tíì lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ dá sẹ́yìn díẹ̀, tìmùtìmù méjì tó ṣeé yọ ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún ìjókòó, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Àwọn káfíńtà tó ṣe wọ́n kì í gbára lé ìṣó. Wọ́n á gbẹ́ ihò sínú igi kan, wọ́n á gbẹ́ orí èkejì kó lè wọnú ihò yẹn ṣinṣin, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù dì í. Ní ti ìrókò fúnra rẹ̀, àárín igi náà, ibi tó dúdú bíi búráùn, ikán kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Etí rẹ̀ tó funfun ni wọ́n máa ń jẹ. Àwọn ọmọ yín fẹ́ràn yín, wọ́n sì fẹ́ kí ilé yín rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti tú àga tuntun tó ń dán lójú, tí mo bá igi arère tí kò tíì gbẹ nínú rẹ̀, tí mo bá pákó tí wọ́n ti fi da kọnkéré rí, tí mo sì bá páálí ní apá rẹ̀ níbi tó yẹ kí igi wà. Kì í ṣe gbogbo àga tuntun ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fẹ́ ná, bí kò bá jẹ́ owó gidi, kò lè ra ìrókò tó ti gbẹ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Kí ẹ tó pe oníkúṣìn padà, ẹ ní kí ọmọ kan bá yín gbé ẹsẹ̀ iwájú kan lára àga gígùn yẹn sókè bí ínṣì 6. Bí férémù bá ṣì le, ẹsẹ̀ iwájú kejì á ti bá a gbéra nílẹ̀. Bí èkejì bá ṣì fìdí mọ́lẹ̀, igi ti ń yí nínú nìyẹn, ojú ìdè rẹ̀ ti tú. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú gbogbo àga dé, kí ẹ fi ìka kan igi wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tó bá dún lófìfo, ẹ fi ọ̀bẹ gún un wò. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun kúnná nílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àga, pẹ̀lú ihò wínníwínní lára igi, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, ẹ ní láti tọ́jú ìyẹn kí aṣọ tuntun tó dé orí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ojú ọ̀nà amọ̀ ni ẹ rí, ikán ni, ilé gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èyí tó ń mì, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ti kú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á tú ojú ìdè yẹn, á ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, á fi tuntun sí i, á sì fi kílám̀pù dè é títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí i tó mú ìṣó gígùn jáde, ẹ dá a dúró. Ìṣó máa ń la ìrókò tó gbẹ, bí ó bá sì ti là níbẹ̀, àtúnṣe tó tẹ̀ lé e á le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti yà mí lẹ́nu. Àga tí wọ́n fi aṣọ bò látòkè délẹ̀, èyí tó ń gba èèyàn mẹ́ta, lè jẹ aṣọ yáàdì 12 sí 16 bí aṣọ náà bá fẹ̀ ní ínṣì 54. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Igi yín wà ní gbangba, tìmùtìmù nìkan ló ń wọṣọ. Àga ẹnì kan á jẹ yáàdì 2 sí 2 àbọ̀, àga gígùn á jẹ ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò yẹ kó kọjá yáàdì 18, àfi bí aṣọ náà bá ní òdòdó ńláńlá tí a gbọ́dọ̀ mú kó bára mu. Mi ò sọ pé ẹni yẹn fẹ́ rẹ́ yín jẹ o. Ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tó sì dá owó bíi ti àga tí wọ́n bò pátápátá. Ẹ pè é padà, kí ẹ fún un ní àga jókòó, kí ẹ wá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: yáàdì aṣọ mélòó, fóòmù wo, rọ́bà tí wọ́n ń ta sábẹ́ ìjókòó, tẹ́tírọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wé fóòmù, sípù, gọ́ọ̀mù, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ má fi bẹ́ẹ̀ dúnàádúrà lé lórí jù. Èyí tó kù ni kí ẹ bi í léèrè dáadáa.

Fóòmù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Dẹ́ńsítì ni a ń wò. Òun ni iye kìlógíráàmù tí fóòmù á wọ̀n bó bá gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ó yàtọ̀ sí líle. Fóòmù tó fúyẹ́ lè le lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kó sì ti rì kí ọdún tó yí po. Fún ìjókòó, èmi kì í lo ohun tí kò tó dẹ́ńsítì 30. Fún ẹ̀yìn, ó lè kéré sí i, torí ara kì í tẹ ẹ̀yìn bó ṣe ń tẹ ìjókòó. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Fóòmù ìjókòó kan tó gùn ní ínṣì 24, tó fẹ̀ ní 24, tó nípọn ní 5, bó bá jẹ́ dẹ́ńsítì 30, á wọ̀n tó kìlógíráàmù 1.4. Bó bá jẹ́ 16 ni wọ́n gbé wá, kò ní pé 0.8. Ìyàtọ̀ yẹn kò ṣeé fi pamọ́. Ẹ̀tàn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni fóòmù àlẹ̀pọ̀, èyí tí wọ́n fi àjákù fóòmù lọ̀, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Ìyẹn máa ń wúwo gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí sípù, oríṣiríṣi àwọ̀ ni ẹ máa rí nínú rẹ̀, ó sì máa ń le koko lábẹ́ ìdí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé fóòmù náà kó fi díẹ̀ tóbi ju aṣọ lọ, bí ìdajì ínṣì, kí tìmùtìmù lè kún dáadáa, kí igun rẹ̀ má sì máa wọ́.

Fún ti aṣọ, ẹ mú ohun tí ẹ bá fẹ́. Ojú yín ló máa wò ó.

*Ẹ káàsán mà. Àga lẹ́dà wa kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ibi tí a ń gbé orí lé àti ibi apá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ti wá dé ìjókòó báyìí. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àlejò. Ẹnì kan ní òun á kùn ún ní ọ̀dà lẹ́dà, ẹlòmíì ní kí n máa fi ìpara pa á. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, èyí tó kéré jù jẹ́ ọdún méjì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.*
Ìyá ọmọ mẹ́ta, Ìkòròdú

Ẹ má kùn ún, ẹ má sì fi ìpara kankan pa á. Kò sí ohun tó máa dá a padà.

Ohun tí ẹ rà kì í ṣe awọ ẹran. Aṣọ tín-ín-rín ni, tí wọ́n fi ike pọliyurétéènì kùn lójú, tí wọ́n sì tẹ ìlà awọ sí i lára. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ooru ló máa ń pa irú ike yẹn. Omi inú afẹ́fẹ́ á máa já a díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ á fi gbẹ, tí á sì ya kúrò lára aṣọ. Ìkòròdú ni ẹ wà, ọ̀sà kò jìnnà sí yín, ooru wà, ọ̀rinrin wà. Bí a bá wá fi òógùn àti ìpara irun kún un, ẹ rí ìdí tó fi jẹ́ pé ibi tí orí àti apá ń kàn ló kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ, ẹ má nà wọ́n sí i. Irú kan tún wà tí wọ́n fi ẹrúnrún awọ gidi lọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù. Àwọn olùtajà á sọ fún yín pé awọ ni, wọn kò sì parọ́ tán, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bó náà nìyẹn.

Ohun tó kù ni pé kí wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi ohun mìíràn bò ó. Àǹfààní kan wà níbẹ̀: bí wọ́n bá ti bọ́ ọ, ẹ máa rí inú àga náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí igi rẹ̀ bá dára, ẹ tẹ̀síwájú. Bí ó bá jẹ́ páálí àti pákó jíjẹrà ni ẹ bá, ẹ dúró, kí ẹ ṣírò rẹ̀ wò bóyá kò ní sàn kí ẹ tọ́jú owó aṣọ yẹn de àga mìíràn. Èmi máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà mi bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, bí mo tilẹ̀ ń pàdánù iṣẹ́.

Pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì, aṣọ híhun tó fún mọ́ra ni mo máa mú fún yín. Nínú ọjà, ẹ gbé aṣọ náà síwájú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ wínníwínní láàárín òwú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fà á ní ìbú àti ní igun sí igun, kí ẹ wò ó bóyá ó padà sípò. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún, kí ẹ wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń jáde. Bí ó bá jẹ́ èyí tó wá láti òkè òkun tí ìwé wà lára rẹ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ Martindale níbẹ̀. Ìyẹn ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ fi nu ojú aṣọ náà kó tó já. Fún pálọ̀ tí ọmọdé ń sáré nínú rẹ̀, ẹ wá èyí tó bá tó 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àrán dára lójú, mo fẹ́ràn láti máa rán an, ṣùgbọ́n ipa ọwọ́ ọmọdé á máa hàn lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àfi bí ẹ bá mú àwọ̀ tó ṣókùnkùn.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lórí lẹ́dà, ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ń pè ní PVC. Ọ̀rinrin kì í tètè pa á bíi ti àkọ́kọ́. Ó máa ń móoru, kò sì mí, ẹ óò máa làágùn lórí rẹ̀ bí kò bá sí iná láti tan fáànù. Ṣùgbọ́n ó ṣeé nù bí ọmọ bá da ọbẹ̀ sí i.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ìyàwó tuntun ni mí. Ìyá ọkọ mi ní a kò gbọ́dọ̀ yọ ọ̀rá tó wà lára àga tí wọ́n rà fún wa, kó má baà dọ̀tí. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń mú àga pẹ́?*
Ìyàwó tuntun, Ṣakí

Ọmọ mi, kú oríire, ilé á sàn ọ́ o. Rárá, kì í mú un pẹ́. Òógùn àti ìrì máa ń há sábẹ́ ọ̀rá, wọn kò rí ibi jáde, aṣọ á máa bu, fóòmù á sì máa rùn. Ṣùgbọ́n má fi ìwé ìròyìn lé ìyá ọkọ rẹ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ìdọ̀tí, ìbẹ̀rù yẹn sì tọ́. Ra aṣọ kọ́tìnnì tó nípọn, jẹ́ kí wọ́n rán ìbòrí tó ṣeé bọ́ fọ̀ fún àga náà, kí ìyá fúnra wọn sì bá ọ mú àwọ̀ rẹ̀. Ìwọ á fọwọ́ ara rẹ yọ ọ̀rá lọ́jọ́ tí ìbòrí bá dé.

*Màmá, inú mi kò dùn rárá. Mo gbé àga mẹ́fà lọ ṣọ́ọ̀bù kan níbí, mo san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi, oṣù mẹ́rin ni mo rí i gbà. Nígbà tó dé, ìjókòó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣí sípù, fóòmù aláwọ̀ méje ni mo bá nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fóòmù tuntun ni mo sanwó fún. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní èyí tí mo gbé wá náà ni òun dá padà síbẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?*
Oníṣòwò, Abẹ́òkúta

Ó dùn mí gan-an, torí irú ìwà yìí ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ lójú àwọn tó yẹ kó máa gbé iṣẹ́ wá fún wa.

Ẹ má lọ bá a jà nídìí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ya fọ́tò inú tìmùtìmù náà, kí ẹ kó rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ síra lórí WhatsApp pọ̀. Bí rìsíìtì bá sọ pé fóòmù tuntun, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Oníkúṣìn àti káfíńtà máa ń ní ẹgbẹ́ ní ìlú ńlá, ẹgbẹ́ náà sì ní alága. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, kí ẹ mú ẹ̀rí yín lọ bá wọn. Mo ti jókòó nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n máa ń ní kí ẹni tó ṣe é tún un ṣe, torí orúkọ gbogbo wọn ló ń bàjẹ́. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2018, sọ pé ẹni tó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó pójú òṣùwọ̀n, tó sì parí lásìkò tó yẹ. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ló ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Fún ọjọ́ iwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan fún oníṣẹ́ ọwọ́ kankan, títí kan èmi. Bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi rèé. Oníbàárà á san owó ọjà nìkan, tàbí kó bá wa lọ sọ́jà kó san án fúnra rẹ̀. A óò tú àga lójú rẹ̀, kó rí igi. Bí igi bá ti dára tán, kí aṣọ tó gùn ún, á wá wò ó, á sì san ìdajì owó iṣẹ́ ọwọ́. Ìdajì tó kù di ọjọ́ tí àga bá wọlé, tó sì jókòó lé e. Mo máa ń ní kó fi báírò kọ orúkọ rẹ̀ sí ara fóòmù kọ̀ọ̀kan kí n tó wé e ní tẹ́tírọ́ọ̀nù. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, bó bá ṣí sípù, á bá ìkọ̀wé ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún gba àjákù aṣọ tó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ óò sì nílò rẹ̀ bí ibì kan bá ya.

Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́rin yẹn ńkọ́? Iye owó ọjà máa ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oníṣẹ́ tó bá ti fi owó yín ra ọjà fún oníbàárà mìíràn á máa lé owó kiri ni. Ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ra ọjà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó rẹ̀ nìyẹn.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọkọ mi ra àga àtijọ́ kan ní ọjà àlòkù níbí, wọ́n ní ó ti wà láti 1930 sí 1940. Mo fẹ́ fi àdìrẹ tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Òṣogbo bò ó. Ṣọ́ọ̀bù kan ní òfin iná kò gba irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Òmíràn ní òun á ṣe é. Ta ni kí n gbà gbọ́?*
Ọmọ Òṣogbo, Peckham, Lọ́ńdọ̀n

Àwọn méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n rí. Ní oṣù karùn-ún 1979, iná jó ilé ìtajà ńlá kan ní Manchester, èèyàn 10 ló kú. Àga tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ fún títà ni iná náà mú, èéfín fóòmù inú wọn sì le púpọ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹjọ́ àti ìpolongo, òfin lórí iná àti àga ilé jáde ní Britain ní 1988. Òfin yẹn kan ẹni tó ń ṣe àga tuntun, ó sì kan ẹni tó ń tún àga bò fún owó. Aṣọ tó bò ó gbọ́dọ̀ kojú àyẹ̀wò sìgá àti àyẹ̀wò ìṣáná. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ dúró lé.

Ṣùgbọ́n àga tí wọ́n ṣe ṣáájú 1950 kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ohun tí wọ́n bá sì fi tún un bò kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ orí àga yín bá jẹ́ òótọ́, ṣọ́ọ̀bù kejì kò ṣẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ àga ti ẹ̀yìn 1950, ọ̀nà ṣì wà: bí aṣọ náà bá jẹ́ òwú, ìrun àgùntàn, sílíìkì tàbí irú wọn tó bá tó ìdá 75 nínú 100, wọ́n lè tẹ́ aṣọ adènà-iná kan sábẹ́ rẹ̀ dípò àyẹ̀wò ìṣáná. Ti sìgá nìkan ni aṣọ òkè á kojú. Òwú ni àdìrẹ yín. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ aṣọ adènà-iná yẹn sí i, òfin bá ní kí ẹ ṣe é tàbí kò ní. Fóòmù tuntun ni wọ́n máa kó sínú rẹ̀, ẹ ó sì máa sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni àdìrẹ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ aró gidi ni, á máa fara ra aṣọ àti ọwọ́ ẹni tó bá jókòó lé e. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi tútù léraléra títí omi á fi mọ́, kí ẹ sá a síbi tí oòrùn kò dé, kí ẹ tó gbé e fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé kò fẹ̀ tó ínṣì 54 tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n wọn àga kí wọ́n tó fi sísọ́ọ̀sì kan án. Kò sì nípọn tó láti dá dúró ní ìjókòó. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀yìn àga àti inú apá ni màá fi àdìrẹ bò, pẹ̀lú aṣọ òwú líle lábẹ́ rẹ̀. Fún ìjókòó, ẹ ní kí ìyá bá yín wá kíjìpá. Obìnrin ló ń hun ún lórí òfì ìdúró, òwú rẹ̀ nípọn, ó sì lágbára, àwọn ìyá wa lò ó ṣiṣẹ́ oko. Yóò gba ìdí dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti fi sányán ṣe é. Sányán kì í ṣe ohun tí à ń jókòó lé.

*Mo fẹ́ ra àga tòkunbọ̀, kí n sì tún un bò. Ẹ̀rù ìdun ń bà mí. Ṣé kí n kàn sá a sóòrùn?*
Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Oòrùn kì í wọ inú fóòmù tó ínṣì 5, ìdun á kàn sá wọ àárín ni. Kí o tó sanwó, dojú àga náà dé, ya aṣọ dúdú tó wà ní ìdí rẹ̀, kí o tan iná fóònù sí ojú ìdè igi àti ìdí ìṣó. Àmì dúdú wẹ́wẹ́, èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ẹyin funfun ni kí o wá. Bí o bá rí wọn, fi àga náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Bí o bá ti rà á tán kí o tó rí i, má gbé e wọ yàrá. Ìta ni kí wọ́n ti bọ́ ọ títí dé igi. Igi ni kí o tọ́jú: omi tó ń hó ni kí wọ́n dà sí ojú ìdè rẹ̀, kó gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n wá tún gọ́ọ̀mù ibi tó bá tú. Fóòmù àti aṣọ àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Má sì sun wọ́n lẹ́yìn ilé bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, èéfín fóòmù lè pa èèyàn. Dì wọ́n sínú ọ̀rá ńlá, so ẹnu rẹ̀, kọ ìdun sí i lára gàdàgbà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ sùn lé, kí o sì fi fún àwọn tó ń kó ilẹ̀.